Báwo ni a ṣe lè ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn obìnrin láìkó wọn sínú ewu?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ obìnrin kékeré kan ni wá. A fẹ́ ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́, ìṣúná owó àti ààbò ara ẹni, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan ti ń sọ pé ilé la fẹ́ tú. Kí ni kí a kọ́kọ́ mójú tó, kí wíwá ẹnikẹ́ni má baà kó o sí wàhálà?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ fi parí ìbéèrè yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ètò yín. Kí ẹ tó yan ẹ̀kọ́ kankan, ẹ pinnu ohun tí ẹ ó ṣe bí obìnrin kan bá dúró dè yín lẹ́yìn ìjókòó, tí ó sì sọ pé wọ́n ń lu òun nílé. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta lágbàáyé ni ó ti fara gba ìwà ipá rí láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́, tàbí ìwà ipá ìbálòpọ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọjọ́ náà yóò dé.

Ẹ wá òṣìṣẹ́ ìlera, agbẹjọ́rò àti ibi ààbò tí ó súnmọ́ yín ṣáájú. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kí ẹ mọ àkókò tí wọ́n ń ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti fetí sílẹ̀, láti béèrè ohun tí ó nílò, láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn gbà á gbọ́ àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, láti bá a ronú nípa ààbò rẹ̀, kí wọ́n sì fà á lé ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n má ṣe tì í pé kí ó kó jáde lọ́jọ́ náà, nítorí àkókò tí obìnrin ń múra àtilọ, àti kété tí ó bá ti lọ, ni ewu sábà máa ń le jù. Kí wọ́n má sì pe ọkọ rẹ̀ wá fún ìlàjà. Ohun tí ó bá sọ níwájú ẹni tí ó ń bẹ̀rù lè di ìyà fún un nílé. Bí ó bá ní ọkùnrin náà ti fún òun lọ́rùn rí, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kódà bí ẹ kò bá rí àpá kankan: ìyẹn wà lára àwọn àmì tí ó lágbára jù lọ pé ó lè pa á lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ má ya ọ̀rọ̀ owó kúrò lára ọ̀rọ̀ ààbò. Ní ìgbèríko Limpopo, ní Gúúsù Áfíríkà, ètò IMAGE so owó yíyá fún àwọn obìnrin tálákà pọ̀ mọ́ ìjíròrò lórí ipò obìnrin, ìwà ipá àti kòkòrò HIV. Àbájáde rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé láàárín ọdún 2, ìwà ipá láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ẹ̀kọ́ ààbò fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá lórí àjèjì inú òkùnkùn nìkan. Nínú ìwádìí kan láti Kánádà ní ọdún 2015, àwọn ọ̀dọ́bìnrin yunifásítì fi wákàtí 12 kọ́ bí a ṣe ń dá ewu mọ̀ lára ojúlùmọ̀, bí a ṣe ń borí ìtìjú tí kì í jẹ́ kí èèyàn kọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀, àti bí a ṣe ń fi ẹnu àti ara gbèjà ara ẹni. Láàárín ọdún kan, ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni a fipá bá lò pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ 9.8 láàárín àwọn tí a kàn fún ní ìwé pélébé láti kà. Síbẹ̀, ẹ tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kú tipiri nígbà ìkọlù; ẹni tí kò lè jà kò jẹ̀bi.

Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣúná pe ètò náà nínú ìkéde, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé lórí ìwà ipá láti gbé lọ sílé, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù nọ́ńbà àti àkókò tí kò ní fa ìbéèrè bí ẹ bá pè é. Ní ti àwọn ọkùnrin tí ń ráhùn, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bá wọn jókòó lọ́tọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti owó fún wọn, kí ó sì gbọ́ ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó má mú orúkọ obìnrin kankan tí yóò wá lẹ́nu, kí ẹ má sì gba ọkùnrin láyè nínú ìjókòó ààbò.