Ẹ Bi Màmá: Ọmọ Tó Bá Ṣípá Nìyá Rẹ̀ Ń Gbé

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ọdún ni gbogbo wọn ń sọ, mo bá kó wọn pọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde girama lọ́dún 1998. Orí WhatsApp la ti ń ríra, àwa 63. Àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní London àti Houston. Ní Dìsẹ́ńbà tó kọjá, ẹnì kan dábàá pé kí kálukú kọ ohun tó ń wù ú fún ọdún, kí ẹni tó bá lágbára ẹ̀ bá a ṣe é. Ó kọ́kọ́ dùn. Ẹnì kan fẹ́ ìrẹsì, ó rí i. Ẹnì kan fẹ́ ẹni tó máa kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò, ó rí i. Àfi bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ pé mọ́tò lòun fẹ́, làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Opó kan wà láàárín wa. Ohun tó kọ ni pé kí ẹnì kan ṣáà máa pe òun lálẹ́ ọjọ́ Sunday, torí ìgbà yẹn nilé máa ń dá jù. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìkà kọ́; ó jọ pé olúkúlùkù rò pé ẹlòmíì á ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó ti pa á rẹ́. Ọdún tún dé, wọ́n ní kí n tún ṣí ètò náà. Ọkọ mi ní agbe la fẹ́ ṣe. Èmi náà lóhun tó wù mí, mi ò lè kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?*

Ọmọ mi, opó yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló gbà mí lọ́kàn. Kí o tó ṣí ohunkóhun, pè é. Má kọ̀wé sí i o, pè é, lálẹ́ Sunday tó ń bọ̀ yìí. Sọ fún un pé o rí ohun tó kọ, pé o ò dáhùn, pé ó ń dùn ẹ́. Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Ní ti agbe, bá mi kí ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà náà, bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan, á bẹ̀wẹ̀. Àwọn èèyàn á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká dé láàárọ̀, olóko á se oúnjẹ tó yó wọn, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ ní àáró tiwọn: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, títí á fi kárí. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pe ẹni tó bẹ̀wẹ̀ ní alágbe. Ẹni tí kò jẹ́ kí ará adúgbò gbọ́ ni koríko máa ń bo iṣu rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé.

Lójú tèmi, ohun tó da tiyín rú lọ́dún tó kọjá ni pé gbogbo yín ń wo àpò yín, ẹ ò wo ọwọ́ yín. Ohun tí opó yẹn tọrọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwa akọrin ìjọ wa ní Ìbàdàn ṣe irú ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ohùn ìyá mi ni mo fẹ́ gbọ́. 1996 ni wọ́n ti kú, mi ò sì ní ohùn wọn níbì kankan. Mo kọ ọ́ tán, mo fẹ́ pa á rẹ́, ọmọ-ọmọ mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹrin, arábìnrin kan tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pè mí láti Abẹ́òkúta. Ó ní ìyá mi wà níbi ìsọmọlórúkọ kan nílé àwọn, pé wọ́n gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń bẹ nínú àpótí ìyá òun. Téèpù inú rẹ̀ ti tú síta. Ó ki bírò bọ ihò rẹ̀, ó ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ó wá rédíò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì káàkiri kó tó rí ọ̀kan yá, ó gbé fóònù tì í, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi.

Ariwo abọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kan ń wúkọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà, wọ́n kì í débì kan, wọ́n dúró kí wọ́n mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ bù mí lómi.” Oríkì yẹn dùn. Àmọ́ “ẹ bù mí lómi” ni mo ń dá padà gbọ́ títí di òní.

Kò ná arábìnrin yẹn ju owó ọkọ̀ lọ. Ká ní mo kọ ọ́ pé “ẹ ṣáà máa rántí mi,” ta ni ì bá mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀?

Nítorí náà, ṣí i. Sọ fún wọn pé kí kálukú kọ mẹ́ta, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ èyí tí kò gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ tààrà: irú ìwé báyìí, ọjọ́ báyìí, ìlú báyìí. Ìwọ nìkan ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, kí o wá gbé e síwájú gbogbo èèyàn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ní 1912, ọ̀gá wọn, Frank Hitchcock, fàyè gba àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú láti máa dáhùn lẹ́tà táwọn ọmọdé ń kọ sí Bàbá Kérésì. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé lẹ́tà náà sí, ṣùgbọ́n wọ́n á ti pa orúkọ ìdílé àti àdírẹ́sì rẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀bùn kò ní mọ ilé ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe ń bo ọmọ tí wọn ò mọ̀ láṣìírí nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jókòó ní kíláàsì kan náà sì gbọ́dọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó mú un, má tún un kọ síta. Yan ẹnì kan, pè é, ní “ìwọ ni mo fẹ́ kó ṣe èyí.” Ẹni tó bá fẹ́ kí tòun dúró di Iléyá, kọ ọ́ sílẹ̀ dè é. Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé fọ́tò ẹni tó gbẹ̀bùn síta: ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Tìrẹ ńkọ́? Fi kún un. Kó jẹ́ òun lo máa kọ́kọ́ gbé síta.

*Màmá, London ni mo wà. Mo ra oògùn fún ẹnì kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, inú mi dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíì kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ìyàwó òun wà nílé ìwòsàn, kí n fi ₦80,000 ránṣẹ́ kíá. Mo fi ránṣẹ́. Àṣé olè ti gba WhatsApp lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣoore mọ́.*

Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ó dùn mí gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á tan onífóònù kó fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n á wá di òun. Ẹ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní nọ́ńbà yẹn, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì tì í nínú ètò WhatsApp wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ owó, ẹ pè é kẹ́ ẹ gbóhùn rẹ̀. Bó bá ní òun ò lè sọ̀rọ̀, ẹ pe ará ilé rẹ̀. Owó oògùn, ọ̀dọ̀ olóògùn ni kó lọ. Owó ilé-ìwé, ilé-ìwé ni kó gbà á.

Ṣùgbọ́n oògùn tẹ́ ẹ rà yẹn, ẹnì kan lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí olè kan gba èyí náà mọ́ yín lọ́wọ́.

*Ẹ káàárọ̀ Mà. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń lọ sílé ní Ṣakí fún ọdún. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi bàbá mi ní ohun tí wọ́n fẹ́, “kò sí” ni wọ́n ń sọ.*

Má bi wọ́n mọ́. Wo tọ́ọ̀ṣì wọn, bóyá rọ́bà ni wọ́n fi dè é. Wo ohun tí wọ́n fi ń bora nínú ọyẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtù, yí bàtà tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà padà, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fi okùn wọn gígùn rẹ̀, kí o sì dá a padà bó ṣe wà kí wọ́n tó jí.