Ọmọ mi gba 76 nínú IQ tẹ́ẹ̀sì orí fóònù, ṣé kí n ra oògùn ọpọlọ fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, prámárì 4 ló wà, ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí rárá, ipò 31 nínú ọmọ 34 ló gbà ní táàmù tó kọjá. Mo fi fóònù mi ṣe IQ tẹ́ẹ̀sì fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 76 ni wọ́n fún un. Bàbá ẹ̀ ní láti ìdílé tèmi ló ti jogún ẹ̀. Obìnrin kan wà ní gúrúùpù WhatsApp wa tó ń ta oògùn ọpọlọ, 45,000 náírà, ó ní láàárín oṣù 3 IQ ẹ̀ á wọ 120. Tí mo bá rán ọmọ yìí níṣẹ́ kì í gbàgbé o, ṣéńjì ẹ̀ kì í sì í dín, ìwé nìkan ni wàhálà. Ṣé kí n rà á, àbí bí Ọlọ́run ṣe dá orí ẹ̀ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi 45,000 yẹn pamọ́, a máa rí nǹkan gidi fi ṣe.

Irú ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ jù nínú ìnbọ́ọ̀sì mi. Ẹnì kan á ní ọmọ òun gba 82, òun ń sunkún, ẹlòmíì á ní tòun gba 140, ṣé kí wọ́n kúkú gbé e fò sí JSS. Gbogbo yín lẹ gbà pé nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n ọpọlọ tó wà lórí ọmọ, àfi bíi pé ẹnì kan wọ inú agbárí lọ ó wọ̀n ọ́n ó sì jáde. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú, òun náà sì ni mo máa jókòó lé lórí lónìí.

Kí n yára mú ti fóònù kúrò nílẹ̀ ná. Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn kì í ṣe IQ tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ẹ̀sì gidi, èèyàn kan tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe é fún ọmọ kan nínú yàrá tí kò sí ariwo, ó máa ń gba bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún ọmọ ọdún 6 sí 16 ń jẹ́ WISC, David Wechsler ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ ní 1949, wọ́n sì ń tún un ṣe látìgbà náà. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ẹ sì lọ gbé e fún ọmọ ọdún 9 tí àìmọ̀wé-kà ni ìṣòro ẹ̀! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbéèrè gan-an ni kò rí kà. Ẹ yọ 76 kúrò lọ́kàn.

Ó dáa, ká ní ọ̀dọ̀ wa lẹ ti gba 76 yẹn ńkọ́? Kí ló túmọ̀ sí?

Tí ọmọ bá ṣe tẹ́ẹ̀sì tán, máàkì tó gbà kọ́ ni wọ́n ń pè ní IQ. Wọ́n á mú máàkì yẹn, wọ́n á fi wé ti àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn bá tiẹ̀ mu, tí àwọn tó ṣe tẹ́ẹ̀sì náà ti kọ́kọ́ fi dán an wò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn wọn, 100 ni wọ́n á fún un. Bíi ọmọ 68 nínú 100 ló máa ń wà láàárín 85 sí 115, àwọn tó kọjá 130 ò ju bíi 2 nínú 100 lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ 70 náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò ni IQ, bí ipò tí wọ́n ń kọ sínú ripọ́ọ̀tù káàdì. Ipò 31 tí ọmọ yín gbà yẹn, ṣé 31 ni ìwọ̀n ìmọ̀ tó wà lórí ẹ̀ ni? Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ síléèwé míì lọ́la, ó lè gba ipò 12 láìjẹ́ pé ó mọ lẹ́tà kan kún èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú rèé. Tí ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 12 bá gba máàkì kan náà gẹ́lẹ́, IQ ọmọ ọdún 9 á ga ju ti èkejì lọ, torí ẹgbẹ́ kálukú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ lè máa mọ nǹkan sí i lọ́dọọdún kí IQ ẹ̀ má kúrò lójú kan, torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ò sùn. Àwọn èèyàn á wá rí nọ́ńbà tí kò kúrò lójú kan yìí wọ́n á ní ẹ ò rí i, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Rárá o. Kò sì sí saikọ́lọ́jíìsì, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ irú tẹ́ẹ̀sì yìí, tó mọṣẹ́ tó máa sọ fún yín pé 76 ni, tán. Á ní ó ṣeé ṣe kó wà láàárín 71 sí 82 tàbí bẹ́ẹ̀, torí ebi, oorun, ibà, ìbẹ̀rù, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé máàkì sókè sódò.

Ọ̀gbẹ́ni James Flynn, olùwádìí kan ní New Zealand, ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1984 ó fi hàn pé máàkì àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń gòkè bíi póìǹtì 3 ní gbogbo ọdún mẹ́wàá, nígbà tó di 1987 ó kó ẹ̀rí orílẹ̀-èdè 14 jọ tí nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa tún tẹ́ẹ̀sì ṣe kí àárín ẹ̀ tó lè padà sí 100. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lásán ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú lè yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún ni? Iléèwé, oúnjẹ, ìlera àti irú ayé tí ọmọ ń gbé wà níbẹ̀.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ò sọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 1904 ìjọba Faransé gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí àwọn ọmọ tí iléèwé ò rọrùn fún, Alfred Binet tó jẹ́ saikọ́lọ́jíìsì wà níbẹ̀, nígbà tó sì di 1905 òun àti Théodore Simon gbé iṣẹ́ 30 jáde láti fi mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ o! Ní 1909 ó kọ̀wé bínú sí àwọn tó ní ọgbọ́n èèyàn ò lè lé kan lórí ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó kú ní 1911. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ẹ̀, Lewis Terman ní yunifásítì Stanford sọ ọ́ di IQ tá a mọ̀ ní 1916, ọ̀rọ̀ sì gba ibòmíì lọ.

Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ náà ka èyí, torí òun ló ní láti ìdílé yín ni. Ní Virginia, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Carrie Buck, wọ́n ní arìndìn ni, wọ́n ní arìndìn ni ìyá ẹ̀, wọ́n tún ní ọmọ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà ò ní í pé. Ní 1927 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má lè bímọ mọ́, adájọ́ Holmes sì kọ ọ́ pé ìran arìndìn mẹ́ta ti tó. Ọmọ jòjòló yẹn, Vivian, lọ síléèwé. Orúkọ ẹ̀ wọ ìwé àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa kó tó di pé àìsàn pa á ní ọmọ ọdún 8. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa pín ẹ̀bi fún ìdílé.

Mi ò ní àjogúnbá ò sí níbẹ̀ rárá. Ó wà, máàkì àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu máa ń súnmọ́ra gan-an. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn jogún kò túmọ̀ sí ohun tí kò ní àtúnṣe. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PKU, inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni wọ́n fi ń dáàbò bo ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bí i. Àjogúnbá pọ́ńbélé, oúnjẹ ló sì ń gbà á là.

Ẹ má sì wá lọ sọ níta pé dókítà ní IQ ò já mọ́ nǹkan kan o. Tó bá jẹ́ gidi, ó máa ń sọ bí ọmọ á ṣe ṣe níléèwé fún wa dáadáa, ó sì máa ń tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ yẹ kó dé. Ìṣòro wa ni pé púpọ̀ nínú àwọn tẹ́ẹ̀sì tá à ń lò níbí, ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n wọn. Mi ò lè sọ ìbéèrè inú ẹ̀ síta, àmọ́ apá kan wà tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù pupa àti funfun la máa gbé síwájú ọmọ pé kó tò ó bí àwòrán. Mo á tẹ aago. Ọmọ tiwa á wojú mi, á wo búlọ́ọ̀kù, á tún wojú mi, torí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé èèyàn kì í ṣàdédé fọwọ́ kan nǹkan àgbà. Aago ń lọ, a sì ń gba máàkì fún yíyára. Olùwádìí kan, Robert Serpell, rí irú ẹ̀ nígbà tó dán àwọn ọmọ Zambia àti àwọn ọmọ Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò: tó bá jẹ́ kí wọ́n fi wáyà ṣe àwòrán nǹkan, àwọn ọmọ Zambia ló máa ń ṣe é jù torí eré tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, tó bá jẹ́ pẹ́ńsùlù àti bébà, àwọn ọmọ Manchester ló wà níwájú. Tó bá wá di amọ̀, wọ́n jọ dọ́gba ni.

Èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo nǹkan fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní prámárì 4 lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Prámárì 4 lọmọ tiyín náà wà. Èdè wo lẹ̀ ń sọ nílé, èdè wo ni tíṣà fi ń kọ́ ọ? Ẹ ò sọ fún mi.

Ó wá ku oògùn. Kò sí oògùn, síróòpù tàbí àgbo tó ń gbé IQ láti 76 dé 120, kò sí ibì kankan láyé tí wọ́n ti ń ṣe é. Mi ò bá àwọn bàbá wa jà lórí ìsọ̀yè, àmọ́ ẹni tó ń ta ìsọ̀yè lórí WhatsApp tó tún ń fi nọ́ńbà IQ polówó ẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ. Wọ́n á ní ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Tó bá jẹ́ àgbo, ẹ yí páálí ẹ̀ padà, ẹ wo àwọn lẹ́tà tíntìntín ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Géèmù orí fóònù náà ńkọ́? Ní 2016 ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ni Lumosity, géèmù tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí pépé, torí ìpolówó tí wọn ò lẹ́rìí ẹ̀. Ohun tó ti hàn pé ó ń gbé IQ sókè ni iléèwé: ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní 2018 fi hàn pé ọdún kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi kún ẹ̀kọ́ ẹ̀ ń fi bíi póìǹtì 1 sí 5 kún un.

Gbólóhùn kan lẹ sọ tẹ́ ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀: ẹ ní ẹ máa ń rán an níṣẹ́, kì í gbàgbé, ṣéńjì kì í dín. Èmi ka ìyẹn sí ju 76 lọ. Ká tó pe ọmọ ní ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò pé, bó ṣe ń ṣe nílé àti láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, nọ́ńbà nìkan ò tó. Mi ò rí i lójú o, mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe é láti ibí, àmọ́ ọmọ tó ń ṣírò ṣéńjì tí kò sì mọ̀wé kà, ojú, etí àti dyslexia, ìyẹn ìṣòro lẹ́tà kíkà, ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí.

Nítorí náà, ẹ fi lára 45,000 yẹn yẹ ojú ẹ̀ àti etí ẹ̀ wò. Ṣé etí ẹ̀ máa ń ṣọyún? Ṣé ó máa ń hanrun lálẹ́? Kí ni jẹ́nótáìpù ẹ̀? Tó bá jẹ́ SS, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè ṣàkóbá fún ọpọlọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ rántí bóyá ó ní ibà pọ́njú nígbà tẹ́ ẹ bí i, tàbí gìrì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún lọ́wọ́, ẹ yé fi káńfò, èyí funfun roboto yẹn, sínú aṣọ ọmọ tuntun. Òun ló ń sọ ibà pọ́njú di ńlá lára àwọn ọmọ kan, irú ibà yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́ ní tòótọ́.) Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì tó bá súnmọ́ yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí sí ọmọdé. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí Arò tàbí Yábà, ẹ má sá, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó ripọ́ọ̀tù káàdì ẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn dání àti ìwé tó ń kọ nọ́ọ̀tì sí, ti kíláàsì gan-an, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bá a dà kọ. Kó sùn dáadáa, kó jẹun kó tó kúrò nílé, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀ ń lọ mọ̀ bóyá olódo ni. Ẹ má fi ti íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ti ń mọ̀wé tẹ́lẹ̀ tó wá ń gbàgbé ohun tó mọ̀, tàbí ó máa ń ranjú sójú kan tí kì í dáhùn, tàbí gìrì tún ń gbé e, ẹ má dúró de àpọ́íńtímẹ́ǹtì kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.