Rélùwé pẹ́, aṣọ òkè ò débi òde: èló ni mo lè gbà padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá lọ́yà. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn níbí, mo sì máa ń fi rélùwé gbé ọjà fún kọ́sítọ́mà. Sátidé kan báyìí, ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní aago 8 àárọ̀, 11:20 ló tó ṣí, kò sẹ́ni tó bá wa sọ nǹkan kan, a kàn jókòó bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti wọṣọ míì lọ òde, ìyá ìyàwó ní òun ò san báláǹsì mọ́. Nírọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ padà sílé, wọ́n tún ní àwọn ti kánsù ọkọ̀, mo bá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ọmọ tó wà ní kántà kàn fọwọ́ tọ́ka sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n kọ 'no refund' síbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, owó bọ́ọ̀sì àti báláǹsì aṣọ yẹn ni mo fẹ́ gbà.

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú àdánù. Mo yọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ibùdókọ̀ ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín o, torí mi ò tíì gbọ́ tẹnu tiwọn, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, àwọn kan wà tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e dáadáa, ọ̀kan sì wà tí mi ò ní tàn yín lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti 'no refund' yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló máa ń jẹ́ káwọn èèyàn yíjú padà lọ sílé. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ò lè ga ju òfin Nàìjíríà lọ. Òfin kan wà, ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA la máa ń pè é, abala 129 ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin náà ti fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ì báà kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, kí wọ́n fi yíǹkì pupa fà á nídìí, ìyẹn ò sọ ọ́ dòfin. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ ni tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pẹ́ dé tí ọkọ̀ ti lọ.

Abala tó tẹ̀ lé e, 130, òun gan-an lẹ máa dì mú. Ó ní téèyàn bá ti sanwó iṣẹ́, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é lásìkò, tó bá sì jẹ́ pé ìdádúró tí ò ṣeé yẹ̀ ló dé, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n tètè sọ fún un. Ẹ padà ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdádúró tí ò ṣeé yẹ̀ lòfin ń sọ níbẹ̀ o, torí ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ní kántà ni pé omi ló bo ojú irin, tàbí àwọn olè ló tú irin, tàbí ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́, kì í ṣẹ̀bi àwọn. Ó dáa, a gbà. Ẹ̀yin ará rélùwé, ṣé omi ló bo ẹnu yín náà tẹ́ ò fi lè gbé sípíkà kẹ́ ẹ sọ fún èrò pé ọkọ̀ ò ní tètè lọ? Ká ní wọ́n ti sọ fún Àǹtí ní 8:05, ì bá ti sáré lọ gáréèjì, aṣọ ì bá sì débẹ̀ kí wọ́n tó wọ nǹkan míì. Ibi tí mo máa gbé ẹjọ́ yìí kà nìyẹn, ká fi ẹ́ńjìnnì tó kọṣẹ́ sílẹ̀, dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ yẹn ni ká bi wọ́n.

Èló wá ni? Òfin wa ò dárúkọ iye. Ó kàn ní kí wọ́n tún àléébù iṣẹ́ náà ṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó bójú mu padà nínú owó téèyàn san, bí àléébù náà bá ṣe tó. Àwọn òyìnbó ti là á sílẹ̀ ní tiwọn: ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwé ń dá ìdá 25 nínú 100 padà tí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́, ìdajì tó bá tó 30, gbogbo ẹ̀ tó bá tó wákàtí kan. Láwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú EU, wákàtí kan jẹ́ ìdá 25, wákàtí méjì jẹ́ ìdajì. A ò lè fi òfin wọn gbowó níbí o, àmọ́ a lè fi wọ̀n ohun tó bójú mu. Torí náà, fún ọkọ̀ àárọ̀ yẹn tó fi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 pẹ́, ẹ béèrè ìdajì, torí ó ṣáà gbé yín débẹ̀. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦4,000, ₦2,000 nìyẹn. Tìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kánsù, gbogbo owó ẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ti bọ́ọ̀sì, àfikún lẹ lè béèrè. Tí wọ́n bá dá ₦4,000 ìrọ̀lẹ́ padà tẹ́ ẹ sì san ₦7,000 wọ bọ́ọ̀sì, ₦3,000 ló kù, àbí ẹ fẹ́ délé lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

Báláǹsì aṣọ wá lèyí tó le. Ẹjọ́ kan wà tó ti pẹ́, Hadley àti Baxendale, 1854, ní Ìlú Ọba, tí kóòtù wa ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní. Irin kan ṣẹ́ lára ẹ̀rọ àwọn ọlọ́lọ kan ní Gloucester, wọ́n ní kí akẹ́rù gbé e lọ sí Greenwich kí wọ́n fi ṣe àwòkọ irin tuntun, akẹ́rù fi falẹ̀, ọlọ dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n wá ní kí akẹ́rù san èrè táwọn pàdánù. Àwọn adájọ́ ní rárá o, àdánù tẹ́ni méjèèjì lè rò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn nìkan ni wọ́n lè bi akẹ́rù, ta ló sì sọ fún un pé ọlọ yẹn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí irin yìí? Tiyín náà nìyẹn. Ọmọ tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín ò mọ̀ pé aṣọ ìyá ìyàwó wà nínú báàgì. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe owó ọjà.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí jẹ́ ni ẹ̀rí. Mo rí bàbá kan rí ní ibùdókọ̀ kan, bí wákàtí kan ṣe kọjá ló dìde, ó ya fótò aago ara ògiri, ó ya ọkọ̀ tó dúró síbẹ̀, ó wá fi bírò kọ àsìkò tí wọ́n gbéra sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ní kí ẹni tó jókòó tì í sáìn ín. Àwa tó kù ń fi í ṣẹ̀rín. Òun nìkan ló gbowó láàárín wa.

Ẹ kọ̀wé o, ẹnu lásán ò tó. Kó má gùn: 'Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà báyìí fún ọkọ̀ aago 8, 11:20 ló gbéra, ẹ ò fún wa ní ìkìlọ̀ kankan. Ẹ kánsù tìrọ̀lẹ́. Lábẹ́ abala 130 òfin FCCPA, mo ń béèrè iye báyìí, ẹ fèsì láàárín ọjọ́ 14.' Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tún mú kọ́pì kan lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ 14 yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀, kì í ṣòfin, ó kàn dáa kí lẹ́tà ní gbèdéke ni. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ bá FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà, ẹ lè fi kọmpiléènì yín ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdé Àbújá. Kóòtù náà wà, àmọ́ nítorí iye owó yìí, owó mọ́tò yín lọ kóòtù nìkan lè jẹ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fótò tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lálẹ́ òní, iwájú àti ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán yẹn ni, tẹ́ ẹ bá fi í sínú pọ́ọ̀sì kiri nínú oòrùn Ọjẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa funfun báláú, nọ́ńbà á sì parẹ́.