Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló máa gba kíbọ́ọ̀dù rẹ sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Sọ́ọ̀ṣì méjì ni mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ọ̀kadà ni mo sì fi ń gbé e kiri. Mo ti ní kí káfíńtà kan àpótí fún mi. Ìnṣì mélòó ni kí n ra fóòmù inú rẹ̀? Wọ́n ní èyí tó bá rọ̀ jù ló dáa jù.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìnṣì kọ́ ló yẹ kí o bèèrè. Kíbọ́ọ̀dù méjì ló wà lórí tábìlì mi báyìí tí mò ń tún ṣe, inú fóòmù rírọ̀ náà ni àwọn méjèèjì ti fọ́.

Ta ló ń sọ fún yín pé bó bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe dáa tó? Ṣé oorun ni kíbọ́ọ̀dù fẹ́ sùn ni? Afẹ́fẹ́ ló kún inú fóòmù bẹ́ẹ̀dì, àwọn ihò ara rẹ̀ sì ṣí sí ara wọn. Bí ẹrù bá já lé e, afẹ́fẹ́ yẹn á sá jáde, fóòmù á tẹ́ pẹlẹbẹ, kíbọ́ọ̀dù á bá pákó. Gbé kíbọ́ọ̀dù Yamaha P-45, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 11.5, lé fóòmù rírọ̀ kí o wò ó. Kò tíì já bọ́ níbi kankan o, ó ti rì. Kí ló wá kù tó máa gbà á nígbà tí ọ̀kadà bá kó sí kòtò? Fóòmù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń rì díẹ̀díẹ̀, kí ẹrù má baà dúró lójijì.

Fóòmù tó le díẹ̀, tí ihò rẹ̀ dì, ni kí o wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà. EVA ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni wọ́n sábà fi ń ṣe máàtì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tò pọ̀ fún àwọn ọmọdé láti ṣeré lórí ilẹ̀. Kó méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn, kí o gbé kíbọ́ọ̀dù lé e. Bó bá rì kọjá ìdajì, ó rọ̀ jù. Bí kò bá rì rárá, kò yàtọ̀ sí pákó: gé e ní ọ̀já ọ̀já dípò kí o tẹ́ gbogbo ilẹ̀. Orí àti ìdí àpótí ni kó ti nípọn jù, torí ìnàró la máa ń gbé e ti ògiri, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Má jẹ́ kí fóòmù ìdérí tẹ kíì mọ́lẹ̀ láé. Ike ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì nìkan ni kó fara kàn.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tún máa ń gbó. Á máa rún bí gààrí, èérún rẹ̀ á wọ abẹ́ kíì, níbi tí rọ́bà tó ń mú un dún wà, kíì á yadi, wọ́n á gbé e wá bá mi pé olè ló ta á fún àwọn.

Bí o bá fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù mọ́ àpótí, ṣí àpótí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí òórùn gọ́ọ̀mù náà tán. Ó lè ba ike jẹ́. Aṣọ òwú ni kí o fi bo fóòmù náà, má fi léda.

Mi ò rí àpótí rẹ o, mi ò sì mọ bí ọlọ́kadà rẹ ṣe ń sáré, nítorí náà bó bá fọ́, má dárúkọ mi. Bí bàálù lo bá fẹ́ fi gbé e, ra àpótí tí wọ́n ṣe fún un.

Kí o tó ra ohunkóhun, wọn inú àpótí náà. Àwọn káfíńtà sábà máa ń kàn án bá kíbọ́ọ̀dù mu rẹ́gí láìfi àyè fóòmù sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dá a padà fún un.