Ta ló ránṣẹ́ pe lẹ́tà Â?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti àwọn ọmọ àbúrò mi kọ́ Òkè Olósùnta sínú géèmù Minecraft, mo sì fi èdè Java kọ plugin kan (ètò àfikún fún géèmù náà) tí ó ń kí ẹni tó bá wọlé pé “§aẸ káàbọ̀” ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ náà yọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà Â jókòó síwájú ọ̀rọ̀ náà, “Ẹ” sì di “áº¸”. Windows ni mo ń lò. Níbo ni mo ti ṣì í?
Òǹkàwé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọpọlọ pípé. Kóòdù àwọ̀ yín kò ní àbùkù: àmì § àti lẹ́tà “a” ni àwọ̀ ewé, “c” ni pupa, “6” ni àwọ̀ wúrà, títí wọn yóò fi pé 16, láti 0 dé 9 àti láti a dé f. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ka fáìlì yín ni ẹjọ́ wà. Ìlànà UTF-8, ọ̀nà kan láti sọ lẹ́tà di báìtì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, ni ẹ fi tọ́jú fáìlì náà, báìtì méjì, C2 àti A7, sì ni § jẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n javac àtijọ́ (ètò tó ń tú kóòdù Java fún kọ̀ǹpútà) lórí Windows sábà máa ń fi ìlànà mìíràn, windows-1252, kà á, níbi tí báìtì kan ti jẹ́ lẹ́tà kan, ni C2 bá di Â, tí A7 sì padà di § gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi yọ síbẹ̀. “Ẹ”, tí ó jẹ́ báìtì mẹ́ta, wá fọ́ sí mẹ́ta.

Ẹ fi “-encoding UTF-8” kún àṣẹ javac, tàbí kí ẹ lo JDK (àkójọ irinṣẹ́ Java tí javac wà nínú rẹ̀) 18 ti ọdún 2022 sókè, tí ó ti sọ UTF-8 di ìlànà rẹ̀. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọ ChatColor.GREEN, orúkọ àwọ̀ ewé nínú kóòdù plugin, dípò §a. Ìyẹn yóò lé Â lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní wo “Ẹ” sàn. Ẹni tí kì í kọ Yorùbá sínú géèmù rẹ̀ kò ní tètè rí i pé àrùn náà ṣì wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí lẹ́tà ìkíni náà ki (bold), tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ §l, §a§l ni kí ẹ kọ, kì í ṣe §l§a, nítorí pé nínú Java Edition, ẹ̀yà Minecraft tí plugin yín wà fún, kóòdù àwọ̀ máa ń pa kíki tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́.