Kẹ́ ẹ tó sọ pé wọ́n ti jí àpótí náà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti jí àpótí yẹn, ẹ kú wàhálà. Nínú eré tí à ń pè ní letterboxing yìí, ẹnì kan á fi àpótí kékeré pa mọ́, á sì kọ ìtọ́nà tí ẹlòmíràn á fi wá a; ìwé kan wà nínú ọ̀rá nínú àpótí náà, ẹni tó bá rí i á tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé yẹn. Ìtọ́nà tiyín ní kẹ́ ẹ dúró nídìí igi ìbejì, ìyẹn igi méjì tó dúró ti ara wọn, kẹ́ ẹ kọjú sí dígírì 70 lórí kọ́ńpáàsì, kẹ́ ẹ rin ìṣísẹ̀ 40 dé ìdí kùkùté. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá kùkùté, ẹ ò bá àpótí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wá àpótí kiri nínú igbó àgbà, ìyẹn igbó tí àwọn igi rẹ̀ ti pẹ́, ọ̀pọ̀ èyí tí mo sọ pé wọ́n ti jí ló sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Èmi ni mi ò dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìṣísẹ̀ wò. Ẹlòmíràn ń ka gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, ẹlòmíràn ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń kà, nítorí náà 40 tirẹ̀ lè jẹ́ 80 tiyín. Tí ilẹ̀ bá ń gun òkè, ìṣísẹ̀ á tún kúrú sí i.

Kọ́ńpáàsì ló fìyà jẹ mí jù. Àríwá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí yàtọ̀ sí àríwá orí máàpù, níbòmíràn ìyàtọ̀ náà sì lè tó dígírì 15. Tẹ́ ẹ bá fi àṣìṣe yẹn rin mítà 60, ẹ ti fi nǹkan bíi mítà 16 jìnnà sí àpótí. Nínú igbó tó kún dí, òdìkejì ayé nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó kọ ìtọ́nà léèrè àríwá tó lò. Ẹ sì gbé fóònù jìnnà. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi gbé kọ́ńpáàsì lé àyà, láì mọ̀ pé òòfà tó wà lára ìdérí fóònù tó wà nínú àpò ẹ̀wù mi ń fa abẹ́rẹ́ sápá kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù lọ nìyí: ẹ má fọwọ́ tú igbó. Mo ti ṣe é rí. Ìtì igi kan wà, ó ga dé àyà mi, ewéko tútù tó rọ̀ bíi tìmùtìmù bò ó látòkè délẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ìka bó o bí ẹní ń bó awọ, títí ara igi fi hàn, pupa, tó ń rin. Mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìtì náà ni àpótí wà, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan, kò sì gba kí n bó ewé kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú ibi tí mo bó yẹn ṣì wà ní ìhòòhò. Àwọn tó mọ eré yìí kì í ri àpótí mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ń bó igi, ẹ ti ka ìtọ́nà gbòdì.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó tẹ òǹtẹ̀. Ẹ nu etí ọ̀rá kẹ́ ẹ tó pa á dé. Mo ti ṣí ìwé kan tí ewé gbígbẹ kan ṣoṣo há sẹ́nu ọ̀rá rẹ̀: omi wọlé, ojú ìwé lẹ̀ pọ̀, òǹtẹ̀ gbogbo ẹni tó ti débẹ̀ di àbàwọ́n àlùkò. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà, ẹ má lọ rárá, ẹ̀ka gbígbẹ orí igi gíga kì í kígbe kó tó já.

Dartmoor, ilẹ̀ olókè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí afinimọ̀nà kan, James Perrott, ti fi ìgò sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Cranmere Pool ní 1854. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, àpáta kì í sì í wó. Igi àgbà ń wó. Mo ti kọjá igi ìbejì kan nígbà márùn-ún rí, torí ìkejì ti ṣubú, mo sì ń gba orí rẹ̀ fò láì mọ̀ pé òun ni mò ń wá. Kùkùté sì pọ̀ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá lè máà jẹ́ èyí tí ìtọ́nà ń sọ. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó gbé àpótí síbẹ̀, kẹ́ ẹ bi í: ìgbà wo ló lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣé igi méjèèjì sì wà lóòró lọ́jọ́ náà?