Báwo ni ètò tí a fi èdè C kọ ṣe lè sọ ìdí tí open (iṣẹ́ tó ń ṣí fáìlì) fi kùnà?

Ìbéèrè yín láti Ilé-Ifẹ̀ ni pé ètò yín ń ka fáìlì máàkì, àmọ́ tí open bá kùnà, "Kò ṣí" nìkan ló ń kọ.

Bí open bá kùnà, -1 ló máa dá padà, nọ́ńbà ìdí rẹ̀ á sì wà nínú errno, ibi tí nọ́ńbà àṣìṣe máa ń wà. Lórí Linux, 2 (ENOENT) ni pé kò sí fáìlì tàbí fódà náà níbẹ̀. 13 (EACCES) ni pé ẹ ò láṣẹ láti ṣí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí (strerror ló ń sọ nọ́ńbà náà di ọ̀rọ̀):

int fd = open(oruko, O_RDONLY);
if (fd == -1) {
    int e = errno;
    fprintf(stderr, "open %s: %s\n", oruko, strerror(e));
    exit(1);
}

Ẹ má fojú kéré ìlà "int e = errno" yẹn o. Tí ẹ bá kọ́kọ́ pe printf (iṣẹ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde) kí ẹ tó wo errno, ó lè yí i padà, ẹ ó wá máa wá ẹ̀sùn sí open lọ́rùn lásán. Bí -1 ò bá sì wá, ẹ má wo errno rárá: open tó yọrí sí rere kì í sọ ọ́ di 0, ti àná lè ṣì wà níbẹ̀.

perror("open"), tó ń kọ ìdí náà jáde fúnra rẹ̀, náà dára, ṣùgbọ́n kì í sọ fáìlì wo ni, bóyá maaki_ife.txt ni àbí maaki_ilesa.txt.